Wọ́n Fi Àmì Ìbéèrè Sórí Èmi Tí Mo Ń Wádìí Ilé Onílé

Ọmọ́lẹ́wà, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú làálàá ọmọ. Mo kí Kọ́láolúwa ọkọ rẹ, mo kí Ṣẹ́gunfúnmi tó ti ń lọ sílé ìwé, mo wá kí Tiwátọ́pẹ́ mi lọ́tọ̀, torí òun gan-an ni lẹ́tà yìí dá lé lórí bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì mọ ìwé kà. Olúwa tó ń ṣọ́ Ire-Akari kò ní tòògbé lórí ilé yín. Àwọn bàálù tó ń fò kọjá lórí òrùlé yín, ojú ọ̀run ni wọn yóò máa gbà, wọn kò ní yà sọ́dọ̀ yín. Àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń wọ́ gììrìgììrì lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Ìsọlọ̀, wọn kò ní mọ ojúlé yín. Àmín. Ìyá rẹ wà, orúnkún rẹ̀ ti ń dẹ̀. Ọmọ́wùmí àbúrò rẹ wà. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, iṣu ti ń yọ ọwọ́, ewúrẹ́ ìyá rẹ bímọ méjì, ìyá ewúrẹ́ náà sì ti jẹ etí kan lára fìlà tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti kí yín tán. Ní báyìí, jẹ́ kí n bínú.

Àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù Ọmọ́wùmí ni mo ń bá wí, èyí tí o ní dókítà yà nípa ìdílé wa. Mo wò ó títí. Wọ́n ya àpótí, wọ́n ya òbìrípo, wọ́n fi ìlà so wọ́n mọ́ra bí ẹni so ẹran mọ́ èèkàn. Ọmọ́wùmí ní àpótí ni ọkùnrin, òbìrípo ni obìnrin. Mo ní kò burú. Ó ní òbìrípo kékeré tí wọ́n kùn ní dúdú pátápátá nísàlẹ̀ ni Tiwátọ́pẹ́. Ó ní ẹni tí àìsàn ń ṣe ni wọ́n ń kùn bẹ́ẹ̀. Ó ní àpótí tí wọ́n kùn ní ìdajì ni ọkọ rẹ, òbìrípo tí wọ́n kùn ní ìdajì ni ìwọ. Mo ní ta ló fún wọn ní ọ̀dà? Nígbà tó wá kan òkè, níbi tí èmi àti ìyá rẹ wà, mi ò rí ọ̀dà rárá, àmì ìbéèrè ni mo rí. Mo ní kí Ọmọ́wùmí fẹ àwòrán náà lójú, ó fi ìka méjì yà á, ó tóbi. Àmì ìbéèrè ni lóòótọ́, ọ̀kan lórí èmi, ọ̀kan lórí ìyá rẹ. Bákan náà ni wọ́n ṣe fún Bàbá Adéjùmọ̀ àna wa àti ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dùn mí. Ìyá rẹ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó ti ń bi ilé onílé léèrè láti ìgbà èwe rẹ̀, òní ni wọ́n wá bi òun náà. Mi ò jẹ oúnjẹ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, àfìgbà tí ebi dé.

Ọmọ́lẹ́wà, ìwọ náà mọ̀ pé ní àdúgbò wa, kò sí ẹni tó ń fi ọmọ fún ọkọ láìkọ́kọ́ wá bá mi. Èmi ni wọ́n ń rán. N ó gbé àpò mi kọ́ èjìká, n ó lọ sí ìlú ọkọ bí ẹni tó ń wá obì rà. Mi ò ní lọ lọ́jọ́ ọdún tí gbogbo ilé máa ń mọ́, ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò retí àlejò ni mo máa ń lọ. N ó tọrọ omi, n ó wo ọwọ́ ẹni tó gbé e wá bóyá ìka rẹ̀ pé. N ó jókòó ti àwọn àgbàlagbà, n ó fi ọgbọ́n bèèrè ẹni tó ya wèrè, ẹni tí wárápá ń gbé ṣánlẹ̀, ẹni tí ẹ̀tẹ̀ mú, ẹni tó pokùn so. Ìgbéyàwó tí mo bá ní kó lọ, a kò tíì gbọ́ kí àrùn kan yọjú níbẹ̀. Nígbà tí Kọ́láolúwa wá tọrọ rẹ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ sí ìlú wọn lẹ́yìn Ọ̀wọ̀, torí pé ọmọ tèmi ni. Pásítọ̀ tún ní kí ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kó tó so yín pọ̀, ìwé jẹ́nótáìpù dé, AA ni ìwọ, AA ni ọkọ rẹ, mo sì fi ọpẹ́ sínú àpótí ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn gbogbo èyí, kí ẹnì kan jókòó sí Ìsọlọ̀ kó fi kálámù fi àmì ìbéèrè lé mi lórí!

O ní kí n má bínú, o ní kí n jẹ́ kí dókítà ṣàlàyé fún mi fúnra rẹ̀. Ó pè lóòótọ́, Dókítà Motọ́lání, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí tí ẹ ń gbé Tiwátọ́pẹ́ lọ, ojú rẹ̀ sì hàn nínú fóònù. Orí rẹ̀ lọ sílẹ̀ kúrò nínú fóònù nígbà tó kí mi, mo gbà pé ó kúnlẹ̀ ni. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde! Ó ní ara ènìyàn dà bí ìlú tí wọ́n fi yàrá kéékèèké kọ́, yàrá tí ojú lásán kò lè rí, pé sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pe yàrá kọ̀ọ̀kan. Ó ní nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, igun kan wà tí wọ́n ti ń lọ pàǹtí kúnná kí wọ́n tó kó o dànù tàbí kí wọ́n tún un lò. Ó ní òṣìṣẹ́ kan wà tó yẹ kó máa lọ oríṣi pàǹtí kan, òṣìṣẹ́ yẹn ni kò sí lára Tiwátọ́pẹ́, nítorí náà pàǹtí ń górí pàǹtí nínú gbogbo yàrá. Ó ní ìyẹn ló mú kí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tóbi tí ikùn rẹ̀ fi yọ síwájú, ìyẹn ló mú kí ìka rẹ̀ le, kí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, kó sì máa hanrun bí arúgbó nígbà tó bá sùn.

Pàǹtí! Nínú ara ọmọ ọmọ mi! Mo ní kó dúró níbi tó wà. Mo gba fóònù lọ́wọ́ Ọmọ́wùmí, mo gbé e yí ilé ká. Mo fi àgbàlá hàn án, mo fi ẹ̀yìnkùlé hàn án, mo fi kòtò tí a ti ń sun ìdọ̀tí hàn án, mo tilẹ̀ ṣí ìlẹ̀kùn ṣáláńgá kó wo inú rẹ̀. Mo ní ilé tí wọ́n ti tọ́ ìyá ọmọ náà nìyí, kó tọ́ka sí ibi tí pàǹtí wà. Ó wo gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ó ní Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ìmọ́tótó, ilé yín mọ́ ju ilé ìwádìí wa lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe pàǹtí tí ìgbálẹ̀ ń gbá ni òun ń wí. Mo ní bí kì í bá ṣe tiwa, a jẹ́ pé ti Ìsọlọ̀ ni, torí nígbà tí mo wá kí yín, mo fojú ara mi rí i pé ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí kò dé títí mo fi padà sílé, gbogbo yín ń to ọ̀rá dúdú sẹ́nu géètì bí ẹni pàtẹ ọjà. Ó ní kì í ṣe ìyẹn náà.

Mo bi í pé níbo wá ni òṣìṣẹ́ náà lọ. Ó ní kò lọ síbì kan, àtinú oyún ni kò ti sí. Ó ní gbogbo ènìyàn ló gba ẹ̀dà méjì nínú ìlànà tí ara fi ń pèsè òṣìṣẹ́ náà, ọ̀kan lọ́wọ́ bàbá, ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá. Ẹni tí ọ̀kan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, èkejì yóò gbé e, kò ní ṣàìsàn, yóò jẹ, yóò mu, yóò bímọ, yóò darúgbó, kò sì ní mọ̀ títí yóò fi kú. Ọmọ tó bá wá bọ́ sí i pé èyí tó bàjẹ́ ló gbà lọ́wọ́ bàbá, èyí tó bàjẹ́ náà ló gbà lọ́wọ́ ìyá, òun ni ìyà ń jẹ. Mo ní AA ni wọ́n. Ó ní AA yẹn, ọ̀rọ̀ àìsàn ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo ló ń sọ, kò mọ nǹkan kan nípa èyí. Ó ní nígbàkúùgbà tí irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ bá lóyún, bí ẹni ki ọwọ́ bọ àpò tí ẹ̀wà mẹ́rin wà nínú rẹ̀ ni, ọ̀kan nínú mẹ́rin náà ló dúdú. Mo ní ọmọ méjì péré ni Ọmọ́lẹ́wà bí, kí ló ń kán ẹ̀wà dúdú lójú? Ó ní wọ́n máa ń dá ẹ̀wà padà sínú àpò ni kí wọ́n tó tún ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo ní àpò ìkà nìyẹn.

Mo wá bi í léèrè ìwòsàn. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fóònù náà sínú kòtò ìdọ̀tí. Ó ní àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú mùdùnmúdùn eegun tí wọn kò tíì yan iṣẹ́, pé ìpìlẹ̀ ni wọ́n jẹ́, wọ́n lè di èyí, wọ́n lè di ìyẹn. Ó ní ohun tí ìwádìí wọn dá lé ni bí wọn yóò ṣe gba irú rẹ̀ lára ẹlòmíràn tí ara rẹ̀ bá ti Tiwátọ́pẹ́ mu, kí wọ́n fi í sí ara ọmọ náà. Mo ní kó tún un sọ. Tí wọn kò tíì yan iṣẹ́? Aláìníṣẹ́ nìyẹn! Bí aláìníṣẹ́ bá wá tọrọ ọmọ ní àdúgbò yìí, èmi gan-an ni mo máa ń ní kí wọ́n dá a padà, wọ́n wá fẹ́ kó wọn wọ inú ara ọmọ ọdún kan àbọ̀, láìwádìí ilé tí wọ́n ti jáde!

Kò bínú. Ó ní Bàbá, ẹ ti kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ oko rí? Mo ní mo ti kọ́ wọn lọ súà. Ó ní èyí tó ti gbọ́njú sídìí iṣẹ́ mìíràn àti èyí tí kò tíì mọ nǹkan kan, èwo ló rọrùn láti kọ́? Mo ní èyí tí kò tíì mọ nǹkan kan ni. Ó ní sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì yan iṣẹ́ yẹn, bó bá ti fìdí múlẹ̀, yóò bí òmíràn, yóò tàn ká ara, yóò máa pèsè òṣìṣẹ́ tí kò sí náà, yóò sì máa bù ú fún àwọn yàrá aládùúgbò rẹ̀ tí kò ní, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti máa ń bu iná lọ́dọ̀ ara yín láàárọ̀ nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé. Ọmọ́lẹ́wà, ó yé mi. Ìyẹn gan-an ló tún bí mi nínú sí i, torí mi ò fẹ́ kó yé mi. Ó ní ìwádìí ni o, kì í ṣe ìlérí. Ó ní ẹ̀yìn tó ti tẹ̀ kò ní nà tán, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tètè ṣe é, kí ọmọ náà tó pé ọdún méjì àbọ̀, wọ́n lè gba ọpọlọ rẹ̀ là. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní kò dájú mọ́.

Ó tún sọ ohun kan tí mi ò sọ fún ìyá rẹ títí di òní. Ó ní wọ́n ti gé awọ ara Tiwátọ́pẹ́ bíńtín, pé ó ń dàgbà nínú abọ́ gíláàsì ní ilé ìwádìí, kí wọ́n lè máa dán oògùn wò lára rẹ̀ kó má baà jẹ́ lára ọmọ náà. Mo ní àgbàdo ni? Mo ní ta ló ń bọ́ ọ? Ó ní àwọn ni, lójoojúmọ́. Mo ní kí ni orúkọ rẹ̀, ó ní nọ́ńbà ni. Mo ní ẹ̀jẹ̀ Adéyanjú kò gbọdọ̀ máa jẹ́ nọ́ńbà nínú abọ́, pé ohunkóhun tó bá ń dàgbà nílé ènìyàn, wọ́n máa ń sọ ọ́ lórúkọ ni. Ó ní nọ́ńbà ni kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ilé tó ti wá. Ìyẹn tù mí lára díẹ̀, n kò purọ́, torí àṣírí ilé mi ló ń jẹ mí lọ́kàn jù lọ nígbà náà.

Ẹ̀yìn èyí ló wá bèèrè ohun tí ìwọ náà ń bẹ̀ mí fún. Ó ní ti Ṣẹ́gunfúnmi kò bá ti àbúrò rẹ̀ mu. Ó ní kí gbogbo ilé méjèèjì wá fún àwọn ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀: ti àwa àgbà, kí wọ́n lè mọ ọ̀nà tí àìsàn náà gbà wọlé, ti àwọn ọ̀dọ́, bóyá wọn yóò rí ẹni tí tirẹ̀ bá ti Tiwátọ́pẹ́ mu. Àwọn ọ̀dọ́ náà ni Ọmọ́wùmí tiwa àti àwọn ọmọbìnrin méjì tó kù nílé Bàbá Adéjùmọ̀. Mo ní rárá, nígbà tí ìwọ náà sì pè, èsì kan náà ni mo fún ọ. Ìdílé kan ti ń tọrọ Ọmọ́wùmí. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ó lọ yẹ ara rẹ̀ wò nítorí àìsàn ìdílé, ta ni yóò dúró gbọ́ ìdí rẹ̀? O sọkún sí mi létí, mo sì pa fóònù, mo rò ó pé bí àìsàn bá ti wá láti ibì kan, ilé àna wa ni, wọ́n fi í pamọ́ fún mi ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú wọn. Mi ò lọ bí àna, bí olùwádìí ni mo lọ.

Bí mo ti dé ni mo bá Bàbá Adéjùmọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bàtà lẹ́sẹ̀, fìlà lórí. Ó ní ilé mi gan-an ni òun ń bọ̀. Ó ní kí n ṣàlàyé ohun tí a fi pamọ́ fún òun kí a tó gbé ọmọ wa fún ọmọ òun. Mo ní èmi? Mo ní èmi tí mo wádìí ilé yín lẹ́ẹ̀mejì! Ó ní òun rán ẹni tiwọn náà wá sílé wa nígbà yẹn, pé ẹ̀ẹ̀mẹta lonítọ̀hún wá, ó sì jẹ iyán wa. Mo ní ta ni? Ó ní ẹni tó wá bá yín tún rédíò ṣe. Ọmọ́lẹ́wà, mo rántí ọkùnrin náà! Ó tú rédíò wa palẹ̀, ó ń bi ìyá rẹ ní ìbéèrè nípa àwọn ìyá ìyá rẹ̀, rédíò náà kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo ní olè ni wọ́n rán wá. Ó ní ṣé bí ẹni tó ń ra obì láìra obì kan kì í ṣe olè? Àwọn ará ilé jáde. Ó búra pé kò sí ẹni tí yóò ti ilé òun lọ fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀jẹ̀ ní Èkó, torí ọmọbìnrin méjì ló ṣì wà lọ́wọ́ òun tí wọn kò tíì lọ́kọ. Mo ní èmi náà búra.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ìyá Àjíbíkẹ́, jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń bó ẹ̀gúsí. Kò gbé ojú sókè. Ó ní ẹ̀yin olùwádìí méjèèjì, kí lẹ máa ń bèèrè gan-an? Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un, wèrè, wárápá, ẹ̀tẹ̀, okùn. Ó ní ó dáa, àwọn tí kò dàgbà ńkọ́? Mo ní àwọn wo? Ó ní àwọn ọmọ tó kú. Mo ní Màmá, ta ló ń bèèrè ìyẹn? A kì í ka ọmọ tó kú mọ́ ọmọ, a kì í fi sàréè rẹ̀ han òbí, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀ kó má baà dà bí ẹni ń pè é padà. Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Ó ní ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí nǹkan kan. Ó ní ẹnu ọ̀nà lẹ̀yin ọkùnrin ti ń wádìí ilé, ẹ kì í dé ẹ̀yìn ìyá.

Ó ní méjì ni ìyá àwọn bí lẹ́yìn òun kó tó bí Bàbá Adéjùmọ̀, pé òun ló ń pọn wọ́n. Ó ní ikùn wọn yọ síwájú, ìdodo wọn yọ jáde, ìka wọn ká kò tí kò lè di àkàrà mú, tí wọ́n bá sùn nínú yàrá, a máa ń gbọ́ ìhanrun wọn lágbàlá. Ó ní àbíkú ni wọ́n pè wọ́n. Wọ́n fi abẹ sàmì sí èyí àkọ́kọ́ kí wọ́n lè dá a mọ̀ bó bá padà wá, nígbà tí èkejì sì dé pẹ̀lú ikùn kan náà àti ìka kan náà, wọ́n ní ẹ ò rí i, òun náà ni. Ó ní òun ti rí Tiwátọ́pẹ́ nígbà tí ẹ gbé e wá kí wọn, òun ti mọ̀ láti ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi òun.

Bàbá Adéjùmọ̀ pariwo pé kó dákẹ́, kí ló dé tó ń tú àṣírí ilé lójú àna. Ó yẹ kí n yọ̀, Ọmọ́lẹ́wà. Olùwádìí tó bá ti rí ohun tó wá, ó yẹ kó gbọn aṣọ rẹ̀ kó máa lọ. Mi ò lọ. Mo mọ ọmọ tí obìnrin náà ń ṣàpèjúwe, nílé tiwa ni mo ti mọ̀ ọ́n. Morọ́lá ni, àbúrò tó tẹ̀ lé mi, tí o kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí torí pé ẹnikẹ́ni kì í dá a. Ikùn yẹn ni. Ìhanrun yẹn ni. Nígbà tí mo bá pọ̀n ọ́n, ìka rẹ̀ kò ṣí, kò lè di aṣọ mi mú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi máa ń há ọrùn mi kó má baà ṣubú.

Inú ń bí mi bí mo ti ń kọ èyí, kì í sì í ṣe sí dókítà. Ọmọ tí ìka rẹ̀ ń ro ó, a ní ó ń ṣe agídí. Ọmọ tí kò lè mí délẹ̀, a ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀run ló ń pè é. Wọ́n ń sọ ọ́ sí i lójú pé bó bá fẹ́ lọ kó máa lọ, kó má fi ìyá rẹ̀ ṣẹ̀sín. Ta ló fẹ́ lọ? Ẹni tó fi ọrùn ọwọ́ há mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀, ṣé ó fẹ́ lọ? Wọ́n pa irọ́ mọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, nílé àna wa, nílé tiwa, àti láwọn ilé mìíràn tí mo ti jókòó tí mo ti mu omi wọn, tí mo ní ara wọn le. Mo sọ ọ́ níbẹ̀, lójú gbogbo wọn. Mo ní Bàbá Adéjùmọ̀, ọ̀kan wà nílé tèmi náà.

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú bàtà àti fìlà rẹ̀. Ó ní ọ̀kan? Mo ní ọ̀kan tí mo mọ̀. Ó ní a jẹ́ pé kò sí ẹni tó lè fi ẹnìkejì ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kò sí. Ìyá Àjíbíkẹ́ ní ẹ ti parí ìjà, ó kù kí ẹ wí ọjọ́ tí a ó lọ, torí òun ń lọ, bí kò bá sí ẹni tí yóò tẹ̀ lé òun, òun mọ Òṣòdì, ibẹ̀ ni òun ti ń ra aṣọ òkìrìkà tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ní àwọn náà ń lọ. Bàbá Adéjùmọ̀ wò wọ́n títí, ó ní kí wọ́n lọ wá oúnjẹ fún àna òun.

Mo fúnra mi lọ bá àwọn tó ń tọrọ Ọmọ́wùmí. Mi ò rán ẹnikẹ́ni. Mo sọ ohun tó wà nílé wa, mo ní bí ọmọkùnrin wọn kò bá ní irú rẹ̀, kò sí ewu fún ọmọ tí wọ́n bá bí, kí òun náà lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Wọ́n ní àwọn yóò lọ ronú. Kí wọ́n lọ ronú. Mo tún bi wọ́n léèrè àwọn ọmọ tó kú nílé tiwọn, inú bí wọn, wọ́n ní ṣé èpè ni mo wá ṣẹ́. Ilé kejì tí mo bi léèrè, ajá ni wọ́n tú sí mi. N kò ní ṣíwọ́. Ọmọ́wùmí ní òun kò bínú, ó ní bí mùdùnmúdùn eegun òun bá bá ti Tiwátọ́pẹ́ mu, ọkọ lè dúró.

Ó di dandan kí o fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́. Kì í ṣe pé a ò lówó, obì ni kò tíì tó ká. Má fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ Memunat tó ní ẹ̀rọ póòsì ní ìkóríta. Owó tí ọmọ mi fi sínú ẹ̀rọ náà láti Èkó, tí kò rù ú, tí kò bá a rìn lójú ọ̀nà, ó ní òun yóò yọ owó iṣẹ́ òun lára rẹ̀. Iṣẹ́ wo? Mo ní kó ṣí ẹ̀rọ náà kí n mú owó mi fúnra mi, ó ní kò ṣeé ṣí. Fi í fún dírẹ́bà. Àwa méje là ń bọ̀: èmi àti ìyá rẹ, Ọmọ́wùmí, Bàbá Adéjùmọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, àti Ìyá Àjíbíkẹ́ tó ní ẹ̀bá fèrèsé ni òun ń jókòó. Èmi àti Bàbá Adéjùmọ̀ ṣì ń bínú síra wa nítorí rédíò, nítorí náà má jẹ́ kí wọ́n fi wá sórí ìjókòó kan náà, má sì fi wá sí yàrá kan náà ní Ire-Akari. Kí Kọ́láolúwa pàdé wa ní Òṣòdì. Ra èso fún wa sílẹ̀, mo gbọ́ pé ebi máa ń pa ènìyàn lẹ́yìn tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Sọ fún Dókítà Motọ́lání pé ọmọ mẹ́ta ni a mú bọ̀ tí kò sí nínú àwòrán rẹ̀, pé èyí tó jẹ́ tiwa, Morọ́lá ni orúkọ rẹ̀, kó kọ orúkọ náà.

Ọmọ mi, ilé ọkọ rẹ yóò tù ọ́. Ẹni tó bá sọ pé ìwọ lo kó àìsàn wọlé, kó wá bá mi. Oorun Tiwátọ́pẹ́ yóò dùn, èémí rẹ̀ yóò já gaara, ìka rẹ̀ yóò di ohun tó bá fẹ́ mú. Òṣìṣẹ́ tí kò sí náà, Ọlọ́run yóò fi ẹnì kan nínú wa ṣe é. Bí wọ́n bá sì fa ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa tí kò sí èyí tó bá tirẹ̀ mu, kí dókítà má palẹ̀ abẹ́rẹ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀ka ilé wa wà ní Ìkàrẹ́, ó wà ní Iléṣà, ó wà níbi tí ìwọ kò mọ̀, mo mọ ojúlé gbogbo wọn, n ó sì kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ òun kò ṣeé fi gba ọmọ là, kó dúró wí i lójú mi.

Èmi ni bàbá rẹ tí inú ń bí,
Adéyanjú.